Bí àwo èso ṣe gba ipò lọ́wọ́ kéèkì níbi àádọ́rin ọdún Bàbá

Kò sí ìnáwó tí kì í mú àríyànjiyàn dání, pàápàá bó bá jẹ́ pé ọmọ mẹ́rin ló fẹ́ ṣe é fún bàbá kan ṣoṣo. Èyí tó ṣẹlẹ̀ ní Sùúrùlérè, l'Ékòó, kì í ṣe ọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ olórin tí wọ́n máa pè, kéèkì ló dá a sílẹ̀. Bàbá fẹ́ pé àádọ́rin ọdún, àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin sì ti lọ bá àwọn tó ń ṣe kéèkì pé kí wọ́n ṣe alájà mẹ́ta, kí wọ́n fi ṣúgà funfun bò ó látòkè délẹ̀. Ibi tí àbúrò rẹ̀ obìnrin, ìyá ọlọ́mọ méjì tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì n'Íkẹjà, ti gbọ́ báyìí, ó lóun ò fara mọ́ ọn.

Ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Ìtọ̀ ṣúgà ń bá Bàbá fínra. Ó ti tó ọdún méjì tí dókítà ti kìlọ̀ fún un, àtìgbà náà ló sì jẹ́ pé òde yòówù tí wọ́n bá gbé e lọ, wọ́n á fi í jókòó sórí àga iwájú, wọ́n á gbé omi inú ike kan síwájú rẹ̀, gbogbo èèyàn á wá máa jẹ, òun á máa wò wọ́n lẹ́nu. Obìnrin yìí ní ṣé níbi ọjọ́ìbí ti Bàbá gan-an náà ni wọ́n tún fẹ́ fi í ṣe òǹwòran? Ó ní kí wọ́n jẹ́ kóun ṣe àwo èso ńlá tí wọ́n to lọ́ṣọ̀ọ́, pẹ̀lú ohun tí àlejò máa ti èso bọ̀ kó tó fi í sẹ́nu, èyí tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń pè ní dípù.

Àǹtí wọn àgbà, àbúrò Bàbá, ló kọ́kọ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Èso kẹ̀? Ṣé ọ̀bọ la fìwé pè ni? Àwọn èèyàn á ní owó ló tán lọ́wọ́ yín." Ẹ̀gbọ́n náà ò kọ́kọ́ gbà, ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ gùn jù, wọ́n pàdé láàárín. Kéèkì á di alájà kan péré, àwo èso tó máa tó ẹni 40 jẹ á sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bó bá bàjẹ́, orí obìnrin náà ni.

Ọjọ́bọ̀ ló gba Mile 12 lọ, torí pé iye tí wọ́n ń ta èso lọ́jà ńlá kì í ṣe iye kan náà pẹ̀lú ti àwọn tó ń ti bárò kiri àdúgbò. Ó ra wọ́tà-mẹ́lọ̀n ńlá kan tó tó kílò 6, ọ̀pẹ̀ òyìnbó 3, ìbẹ́pẹ ńlá 2, ọsàn 10, ápù 6, gúáfà díẹ̀ àti gírépù ìdì 2. Kò kàn ń sọ nǹkan sínú àpò o. Wọ́tà-mẹ́lọ̀n tó bá ti gbó dáadáa, ojú ibi tó fi sùn lórí ilẹ̀ lóko máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí àwọ̀ òrí ni, ó sì máa ń wúwo ju bó ṣe tóbi lójú lọ. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó ní tiẹ̀, ìdí rẹ̀ ni wọ́n ń gbóòórùn. Bó bá ń ta sánsán, ó ti tó jẹ. Ẹni tó bá ń wo àwọ̀ nìkan lè ṣìnà, nítorí ọ̀pẹ̀ òyìnbó tó ń wá láti Àláádà, ní orílẹ̀-èdè Benin, ara rẹ̀ ṣì máa ń tutù bí ewé nígbà tí inú rẹ̀ ti dùn bí oyin.

Ìbẹ́pẹ ló fún un níṣòro jù. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú yíká, kò sí àmì kankan lára ẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó le bí òkúta. Ó fi í sílẹ̀, ó kọjá lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, káábáìdì ló ń ṣe irú ẹ̀, ohun tí àwọn wẹ́dà máa ń lò láti fi jó irin. Bí omi tàbí ọ̀rinrin bá kàn án, ó máa ń tú gáàsì kan jáde tó ń fi tipátipá mú kí èso pọ́n lójú, inú rẹ̀ á sì wà ní àìpọ́n. Èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà lè ní májèlé bí àsẹ́níìkì nínú, àìmọye ìgbà sì ni àjọ NAFDAC ti kìlọ̀ fáwọn ọlọ́jà pé kí wọ́n yé lò ó. Ẹni tó bá fẹ́ kí ìbẹ́pẹ tàbí mángòrò tètè pọ́n nílé, kó fi í sínú àpò bébà pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ti pọ́n kan, kó pa ẹnu àpò náà dé. Atẹ́gùn tó ń jáde lára ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló máa ṣe iṣẹ́ náà, kò sì ní í pa ẹnikẹ́ni lára.

Nígbà tó délé, ó ní kóun kọ́kọ́ dán dípù wò. Ó gé ọ̀pẹ̀ òyìnbó wẹ́wẹ́, ó dà á sínú yógọ́ọ̀tì, ó pò ó pọ̀, ó tọ́ ọ wò, ó dùn yùngbà. Ló bá gbé e sínú fìríìjì, ó lọ sùn. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì tó ṣí i, ó ti di omi, ó sì korò bí ewúro. Ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ yí. Ṣé ohun tí Àǹtí ń wí náà nìyí?

Kì í ṣe yógọ́ọ̀tì ló bàjẹ́. Nǹkan kan wà nínú ọ̀pẹ̀ òyìnbó tí wọn ò sè, òun ló máa ń ta èèyàn lẹ́nu béèyàn bá jẹ ẹ́ jù, òun náà ló máa ń tú ohun tó mú wàrà ki ká. Ìbẹ́pẹ tí ò tíì pọ́n náà ní irú tiẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi máa ń jẹ́ kí ẹran tó le tètè rọ̀ nínú ìkòkò. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ fi ọ̀pẹ̀ òyìnbó sínú dípù gbọ́dọ̀ bọ̀ ọ́ lórí iná ná, kó jẹ́ kó tutù. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó fi í sílẹ̀ lórí àwo, kí àlejò fọwọ́ ara ẹ̀ tì í bọ̀ ọ́. Ìwọ̀nba ìṣẹ́jú tó máa lò níbẹ̀ kó tó dé ẹnu kò lè ba nǹkan kan jẹ́.

Ló bá tún un ṣe. Ó da yógọ́ọ̀tì lítà 1 tí kò ní ṣúgà sínú aṣọ funfun tó ti fi omi gbígbóná fọ̀, ó gbé e lé orí asẹ́ nínú abọ́, ó gbé e sínú fìríìjì fún wákàtí 3. Omi rẹ̀ ro sílẹ̀, èyí tó kù sì ki bí ògì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jinná. Ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ 1 sí i, ó rin atalẹ̀ tútù díẹ̀ sí i, ó pín in sí abọ́ méjì. Ó fi oyin ṣíbí ìjẹun 2 sínú ọ̀kan, kò sì fi nǹkan dídùn kankan sínú èkejì, tórí oyin náà ṣúgà ni lára ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà. Oyin ò sì yẹ fọ́mọ tí kò tíì pé ọdún kan rárá, torí kòkòrò àìfojúrí kan lè wà nínú rẹ̀ tí àgbàlagbà lè gbé, ṣùgbọ́n tó lè rọ ọmọ ọwọ́ lápá lẹ́sẹ̀. Ó yẹ kí àwọn ìyá rántí èyí, pàápàá níbi ìkómọ tí oyin ti máa ń wà lórí tábìlì.

Aago mẹ́rin ìdájí Sátidé ló dìde. Ó fọ gbogbo èso kó tó fọ̀bẹ kàn wọ́n, títí kan wọ́tà-mẹ́lọ̀n tí wọn kì í jẹ èèpo rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló máa ń fo ìyẹn, wọn ò sì mọ̀ pé ọ̀bẹ tó bá gba ara èèpo ìdọ̀tí kọjá, ó ń kó ìdọ̀tí náà wọ inú ni. Bó ṣe ń ṣe é lọ́wọ́ ni ọmọ ìyá kan tó wá ràn wọ́n lọ́wọ́ mú pákó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé adìẹ lórí ẹ̀ tán, ó fẹ́ẹ́ gé ápù lé e. Obìnrin náà pariwo, ó já a gbà. Adìẹ máa wọ iná, iná á sì pa kòkòrò tó wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n èso ò ní í wọ iná kankan. Ohun tó bá wà lórí pákó, ẹnu àlejò ló ń lọ tààrà.

Ó gé wọ́tà-mẹ́lọ̀n sí méjì, ó gbẹ́ inú rẹ̀, ó sì gé ètí èèpo apá kan ní ṣóńṣó-ṣóńṣó bí adé. Adé yìí ló gbé sáàárín tíréè, ó wá gbé abọ́ dípù sínú rẹ̀. Ó to èso yí i ká, pupa ò sún mọ́ pupa, yẹ́lò ò sún mọ́ yẹ́lò. Wọ́tà-mẹ́lọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ìbẹ́pẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gúáfà, ọsàn tí wọ́n ti bó tí wọ́n sì gé róbótó-róbótó lẹ́gbẹ̀ẹ́ gírépù. Èyí tó bá lómi jù, ó máa ń kọ́kọ́ tẹ́ ẹ sórí aṣọ mímọ́ kó gbẹ díẹ̀, kí tíréè má baà di adágún. Ápù ló gé kẹ́yìn, ó sì fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ pa á lára kó má baà dúdú. Gírépù ti àwọn ọmọdé, ó là á sí méjì lóòró, torí pé odindi rẹ̀ lè há ọmọ kékeré lọ́fun. Èyí tí wọ́n ń pè ní gréépù, tó dà bí ọsàn ńlá, tó sì máa ń korò díẹ̀, kò sí níbẹ̀ rárá. Ó máa ń bá àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan àti ti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ jà, ta ló sì mọ iye àgbàlagbà tó ti lo oògùn kó tó wá sóde?

Aago márùn-ún ààbọ̀ ni wọ́n múná lọ. Ọpẹ́lọpẹ́ kúlà méjì tó ti kó omi dídì sí láti alẹ́, ìtìjú ì bá dé. Èso tí wọ́n bá ti gé kò gbọ́dọ̀ jókòó síta ju wákàtí 2 lọ. Bí oòrùn bá sì mú bíi ti Èkó, tó ju ìwọ̀n 32 lọ lórí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ooru, wákàtí 1 péré ni. Ìdí nìyẹn tó fi ṣe tíréè méjì kéékèèké dípò ńlá kan. Ọ̀kan wà lórí tábìlì, èkejì wà nínú kúlà, bí wákàtí kan bá pé, wọ́n á gbé ti ìta kúrò, wọ́n á gbé tuntun jáde.

Nígbà tí aago kan ọ̀sán lù, wọ́n gbé e síta. Àwọn tó ń ya fọ́tò ló kọ́kọ́ yí i ká, wọn ò tiẹ̀ wo kéèkì lẹ́ẹ̀mejì. Obìnrin náà bu díẹ̀ sí àwo kékeré kan, gúáfà, ápù àti ìbẹ́pẹ ìwọ̀nba, gbogbo rẹ̀ kò ju ẹ̀kún ọwọ́ kan lọ, torí èso náà ní ṣúgà tiẹ̀, ìwọ̀n tí dókítà sì fọwọ́ sí nìyẹn. Ó bu dípù tí kò ní oyin sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó gbé e fún Bàbá.

Bàbá wo àwo náà, ó wo ọmọ rẹ̀. "Èmi lo gbé eléyìí fún?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Ẹ jẹ ẹ́, mo ti béèrè lọ́wọ́ dókítà."

Bàbá mú igi ìtayín, ó gún ìbẹ́pẹ kan, ó tì í bọ dípù, ó sì ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ kó tán. Ó yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jókòó tì í, ó ní, "Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń lọ sóde wo èèyàn jẹun. Òní ni mo tó wá sóde." Ẹ̀gbọ́n tó ra kéèkì gbọ́ ọ, kò sọ nǹkan kan, ó lọ mú àwo tirẹ̀.

Àǹtí wọn ńkọ́? Nígbà tó di aago mẹ́rin, òun ló ń wá ọ̀rá tó máa kó èyí tó ṣẹ́ kù sí, ó lóun fẹ́ gbé e relé. Obìnrin náà gba tíréè lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó ní, "Ẹ má bínú, mà, èyí ti pẹ́ ní ìta, kò ṣe é jẹ mọ́." Ló bá ṣí kúlà, ó bu tútù fún un.