Oyè ń pọ̀ sí i, akòko ń dínkù: Ẹ gbin igi oyè sí àyíká ilé yín

Bó bá ku ọ̀la kí wọ́n fi ẹnìkan joyè lápá gúúsù Èkìtì, yálà ní Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ tàbí Èmùré, kò sí ohun tí ẹbí olóyè kì í rà sílẹ̀. Wọ́n á ti ra màlúù, wọ́n á ti san owó kánópì àti àga, wọ́n á ti bá onílù sọ̀rọ̀, aṣọ ẹbí á sì ti dé ọ̀dọ̀ télọ̀ láti bí oṣù kan sẹ́yìn. Ohun kan ṣoṣo tí wọn kì í sábà rántí àfi tí ilẹ̀ ọjọ́ náà bá mọ́ ni ewé akòko. Ìgbà yẹn ni wọ́n á wá sáré rán ọmọkùnrin méjì lórí ọ̀kadà pé kí wọ́n lọ wá a wá. Bí wọn kò bá rí i lóko, ẹ̀yìnkùlé bàbá arúgbó kan ni wọ́n á forí lé, níbi tí igi akòko kan ṣoṣo ti ń di kùkùté nítorí pé gbogbo àdúgbò ló ń já a.

Bẹ́ẹ̀, bí kò bá sí ewé yẹn, oyè kò tíì di oyè. Wọn kì í fi owó lé olóyè lórí, ewé ni wọ́n ń fi lé e. Ìdí nìyẹn tí Yorùbá fi ń sọ pé wọ́n já ewé oyè lé èèyàn lórí. Ṣùgbọ́n bí olóyè ṣe ń pọ̀ tó yìí, nílé àti lókè òkun, mélòó nínú wọn ló gbin akòko sí iwájú ilé rẹ̀? Gbogbo èèyàn ló fẹ́ jáwé, ẹni tó fẹ́ gbin igi ni kò sí.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti oyè nìkan. Bí èèyàn bá wo àwọn ilé tuntun tí wọ́n ń kọ́ báyìí, kọnkéré àti intalọ́ọ̀kì ni wọ́n fi ń bo ilẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìdí fẹ́ǹsì. Kò sí ibi tí omi òjò máa wọlẹ̀ sí. Ìlú tó wà láàárín àpáta bí Ìkẹ́rẹ́, tí Òkè Olósùnta àti Òkè Oróólé ń wò wá láti òkè, kò yẹ kó máa ṣe bẹ́ẹ̀. Òjò tó bá rọ̀ sórí àpáta kì í dúró, ìsàlẹ̀ ló ń sáré bọ̀. Bó bá bá gbòǹgbò igi pàdé, á rọra, á sì wọlẹ̀. Bó bá bá sìmẹ́ńtì pàdé, ńṣe ló máa gba ojú ọ̀nà lọ, tí á máa wa ìpìlẹ̀ ilé ẹni tó wà nísàlẹ̀.

Àwọn tó sì fẹ́ràn òdòdó láàárín wa, ti ilẹ̀ òkèèrè ni ojú wọn máa ń wà. Àwọn ọmọ tó wà ní Amẹ́ríkà máa ń fi fọ́tò ránṣẹ́ sílé, níbi tí òdòdó funfun rìbìtì kan, tó tóbi bí orí ọmọdé, ti kún iwájú ilé. Hydrangea ni wọ́n ń pè é. Ìyá tó bá rí i á ní kí wọ́n bá òun mú irúgbìn rẹ̀ bọ̀. Kò lè rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé òtútù ni igi náà fi ń sinmi. Nígbà òtútù, gbogbo ewé rẹ̀ á wọ́ dànù. Bí òtútù bá fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀, wọ́n á gé e sílẹ̀, á tún rú, orí ẹ̀ka tuntun náà ni òdòdó rẹ̀ á sì ti yọ. Èkìtì kò ní irú òtútù bẹ́ẹ̀. Ọyẹ́ tiwa kò tó o, oòrùn oṣù kejì sì le ju ohun tó lè fara dà lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan wà nínú ọ̀rọ̀ òdòdó yìí tó yẹ ká mú. Igi inú igbó wọn ni. Apá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà ló ti ń hù fúnra rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó máa gbìn ín sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n wo inú igbó wọn, wọ́n mú èyí tó dára wálé, wọ́n ń rẹ́ ẹ lọ́dọọdún, ó sì di ohun àmúyangàn. Kí ló dé tí tiwa kò lè rí bẹ́ẹ̀? Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà.

Akòko kì í wọ́ ewé tán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Òdòdó rẹ̀, tó dà bí fèrè kékeré tó ní àwọ̀ pupa fẹ́ẹ́ẹ́ àti àlùkò, rẹwà ju ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì lọ. Pèrègún ńkọ́? Bó bá yọ òdòdó funfun rẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ló máa ń là, òórùn dídùn rẹ̀ á sì gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn Òyìnbó mọ iyì rẹ̀. Inú ìkòkò ni wọ́n ń gbìn ín sí ní pálọ̀ àti ọ́fíìsì wọn, owó gidi ni wọ́n sì fi ń rà á. Ọ̀rọ̀ náà jọ ti ìlẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, agbẹ́gilére tó di olóògbé ní 1938, ló gbẹ́ ẹ fún Ògògà. Wọ́n gbé e lọ sí ìpàtẹ ńlá tí wọ́n ṣe ní Wembley, nílùú London, ní 1924. Nígbà tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum ní àwọn fẹ́ rà á, Ògògà kò gba owó, àga ọba tí wọ́n ṣe nílùú Òyìnbó ló gbà dípò rẹ̀. London ni ìlẹ̀kùn náà wà títí dòní. Ìyẹn ti lọ. Ṣé pèrègún náà yóò wá di ohun tí ọmọ Ìkẹ́rẹ́ máa lọ wò nínú ìkòkò nílé Òyìnbó ni?

Gbígbìn rẹ̀ kò le rárá. Ẹni tó bá fẹ́ gbin akòko kò nílò irúgbìn. Kó gé ẹ̀ka tó ti gbó, tó nípọn tó àtàǹpàkò tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí gígùn rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà méjì. Kó fi àdá tó mú gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ìdagẹ̀rẹ̀, kí ìyẹn lè jẹ́ àmì tí yóò fi mọ orí yàtọ̀ sí ìdí, nítorí igi tí wọ́n bá dorí rẹ̀ kodò kì í hù dáadáa. Kó ri ìdajì rẹ̀ mọ́lẹ̀, kó sì tẹ ilẹ̀ ìdí rẹ̀ mọ́ ọn gbọn-in. Ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti fìdí múlẹ̀, láti oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún, ló dára jù. Kó jìnnà sí ògiri ilé tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá, torí pé akòko tí wọ́n bá fi sílẹ̀ lè ga ju òrùlé lọ.

Pèrègún rọrùn ju ìyẹn lọ. Igi rẹ̀ tí wọ́n bá gé sí wẹ́wẹ́, tí gígùn rẹ̀ tó ọwọ́ ìka dé ọrùn ọwọ́, yóò hù. Kùkùté tí wọ́n gé e kúrò lára rẹ̀ náà yóò tún rú. Ẹni tó bá fẹ́ fi ṣe ọgbà lè gbìn ín ní ẹsẹ̀ bàtà méjì síra wọn. Ó ń ṣe dáadáa lábẹ́ ìbòòji, ohun tí kò fẹ́ ni kí omi dá rogún sí ìdí rẹ̀.

Nípa ti ajílẹ̀, kò sí ìdí tí àgbẹ̀ Ìsẹ̀ tàbí Èmùré fi máa náwó. Èèpo kòkó tó ti jẹrà wà lóko, ìgbẹ́ ewúrẹ́ tó ti gbẹ wà lẹ́yìnkùlé. Kí wọ́n dà á sí àyíká ìdí rẹ̀, kó má kan igi gan-an. Nígbà ọyẹ́, kí wọ́n fi koríko gbígbẹ bo ìdí èyí tó bá ṣì kéré, kí wọ́n sì máa bu omi sí i lẹ́ẹ̀kan láàárín ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Lẹ́yìn ọdún àkọ́kọ́, kò nílò bíbomirin mọ́. Kí wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣọgbà yí i ká nítorí ewúrẹ́.

Ibi tí a ti ń ṣe é jù ni jíjá ewé rẹ̀. Ewé ni igi fi ń se oúnjẹ tó ń jẹ. Ẹni tó bá já gbogbo rẹ̀ tán lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ńṣe ló gbé ìkòkò kúrò lórí iná igi náà. Kí wọ́n máa já ìwọ̀nba lára ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n má sì fà á ya. Bí wọ́n bá fẹ́ rẹ́ ẹ̀ka, ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni kí wọ́n ṣe é, kì í ṣe inú ọyẹ́, kí wọ́n sì gé e sókè oríkèé díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀ka tuntun ti máa yọ.

Àǹfààní kan tún wà tí àwọn àgbà mọ̀ dáadáa. Akòko àti pèrègún ni igi ààlà. Kí òkúta ààlà àwọn sọ́fíyọ̀ tó dé, pèrègún ni ẹlẹ́rìí. Baba kú, ọmọ kú, pèrègún kò kú. Lóde òní, ohun tí àwọn ọmọ onílẹ̀ tó ń ta ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì máa kọ́kọ́ ń fà tu nìyẹn. Ìgbà tí ẹjọ́ bá dé kóòtù, tí wọ́n ní kí bàbá àgbàlagbà wá fi ààlà hàn, á kàn máa na ọwọ́ sí ilẹ̀ lásán ni. Ẹbí tó bá fẹ́ kí ọmọ wọn sùn dáadáa lọ́la, kí wọ́n tún pèrègún ààlà wọn gbìn, kí àwọn tí ilẹ̀ wọn jọ pààlà sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń gbìn ín.

Àwọn kan á ní igi máa ń fa ejò wá sílé. Pàǹtírí àti igbó tí wọn kò ro ni ejò ń sá sí, kì í ṣe igi tí wọ́n ń rẹ́, tí wọ́n sì ń gbá ìdí rẹ̀. Àwọn mìíràn ní igi òrìṣà ni. Lóòótọ́, àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ń lò ó, ṣùgbọ́n onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí náà ń joyè, wọ́n sì ń gba ewé rẹ̀ sórí. Ewé tí kò ṣèèwọ̀ lórí èèyàn kò yẹ kó ṣèèwọ̀ níwájú ilé rẹ̀.

Ẹ má ṣe rò pé igbó ṣì wà tí a ó ti máa rí i. Igbó ọba tó wà ní Ìsẹ̀, níbi tí ìnàkí ṣì ń gbé, àwọn agégẹdú àti olóko ń wọ̀ ọ́ láti ẹ̀gbẹ́ gbogbo. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí àwọn ọba wa, Ògògà, Arínjálẹ̀, Elémùré àti àwọn yòókù, sọ ọ́ di òfin pé ẹni tó bá fẹ́ joyè gbọ́dọ̀ gbin akòko kan, kó sì tọ́jú rẹ̀ kó yè, kí ọjọ́ ìwúyè tó pé. Kì í ṣe owó, kò sì ni ẹnikẹ́ni lára. Fásitì Bámidélé Olúmilúà tó wà ní Ìkẹ́rẹ́, tó jẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ tẹ́lẹ̀, náà lè ya ilẹ̀ kékeré sọ́tọ̀, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa sọ ọ̀pá akòko di igi tí ará ìlú lè wá mú.

Ẹni tó ti bo gbogbo àyíká ilé rẹ̀ pẹ̀lú kọnkéré, kó hú ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta péré kúrò níbi igun kan, kó fi ọ̀pá kan síbẹ̀ kí òjò tó dá. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá fi ọmọ rẹ̀ joyè, kò ní í rán ọ̀kadà níṣẹ́.