Ìbọn Kì í Ṣe Ẹrù Gáráàjì

Ọ̀rọ̀ ìbọn tó wà nínú ilé wa la mú wá lónìí.

Láìpẹ́ yìí, a lọ kí ẹnìkan ládùúgbò. Ó ṣí gáráàjì kó lè gbé àga jáde fún wa. Alùpùpù méjì la rí níbẹ̀, kẹ́ẹ̀gì kpayo kan, àti ìbọn ọdẹ tí wọ́n fi ti ògiri. Lórí pẹpẹ, lábẹ́ páànù gbígbóná, katúṣì wà nínú ike, ẹ̀tù wà nínú ìgò. Ọmọ kékeré ń ṣeré lẹ́nu ọ̀nà. A bi í léèrè, ó ní, "Ṣebí báyìí ni bàbá mi náà ṣe ń tọ́jú ẹ̀."

Rárá o. Inú ilé alámọ̀ ni bàbá rẹ̀ ń gbé ìbọn sí, koríko ló wà lórí ilé náà, ibẹ̀ tutù. Àdó ló ń da ẹ̀tù sí, ó jìnnà sí ààrò, kò sì sí kpayo nínú yàrá. Àwa ti yí ilé padà, a ò yí ìṣe padà. Ní oṣù kẹta àti oṣù kẹrin, ooru Parakou máa ń kọjá 35 dígírì níta. Ẹni tó bá ti wọ abẹ́ páànù tí kò ní fèrèsé lọ́sàn-án mọ̀ pé tinú ibẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

A ò fẹ́ fi irọ́ dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ooru ọ̀sán nìkan kò ní mú katúṣì dún. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń ba ẹ̀tù inú rẹ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọdẹ bá yìn ín, ó lè má dún, tàbí kó pẹ́ kó tó dún, nígbà tí ọdẹ ti ń ṣí ìbọn wò. Ojú àti ọwọ́ ló ń bá a lọ. Ní ti ẹ̀tù dúdú tí a ń rọ sínú ṣakabùlà, iná kékeré tó bá ta sí i ti tó. Kpayo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló sì ń pe iná náà wá.

Ẹ rántí Èkó. Ní 27 oṣù kìíní ọdún 2002, iná dé ibi tí wọ́n kó àdó olóró sí ní bárékè Ìkẹjà. Ó ju 1,000 ènìyàn lọ tó kú, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló rì sínú omi ní Òkè-Àfà níbi tí wọ́n ti ń sá lọ. Ní Bata, Guinée Équatoriale, ní 7 oṣù kẹta ọdún 2021, ó ju 100 lọ. Ààrẹ wọn fúnra rẹ̀ sọ pé oko tí wọ́n ń sun nítòsí bárékè wà lára ohun tó fà á. Nílé wa níbí, ní 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, kpayo jó ní Sèmè-Kraké, ó ju 30 ènìyàn lọ tó bá a lọ. A mọ̀ pé katúṣì mẹ́wàá kì í ṣe bárékè. Àmọ́ àìbìkítà kan náà ni.

Kí ló wá ń mú ìbọn wọ gáráàjì? Ìbẹ̀rù ni. Látìgbà tí àwọn apániláyà ti ń dà wá láàmú ní Alibori àti Atacora, ẹni tó ní ìbọn ń bẹ̀rù kí wọ́n má lọ pè é ní ohun tí kò jẹ́. Kò gba ìwé, ó kàn fi ìbọn pamọ́ síbi tí àlejò kì í dé. Bẹ́ẹ̀, àdéhùn CEDEAO tí wọ́n fọwọ́ sí l'Ábújá ní 14 oṣù kẹfà ọdún 2006 ní kí ẹni tó fẹ́ gba ìwé ìbọn fi hàn pé òun máa tọ́jú ìbọn síbi tó láàbò, lọ́tọ̀ sí ọta rẹ̀. Ẹni tó ń sá fún ìwé, ta ni yóò kọ́ ọ?

Ohun tó yẹ ká ṣe kò wọ́n. Ẹ yọ ọta kúrò nínú ìbọn, ẹ ti ìbọn mọ́ yàrá. Ẹ kó ọta sínú àpótí míì tó ní àgádágodo, níbi tó tutù tó sì gbẹ, kó jìnnà sí kpayo, gáàsì àti iná. Ọwọ́ onílé nìkan ni kí kọ́kọ́rọ́ wà. Ọmọdé kò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́. Bí ẹ bá yìnbọn tí kò dún, ẹ má ṣí i. Ẹ kọjú rẹ̀ síbi tí kò sí ènìyàn, ẹ ka ení dé ọgbọ̀n ná. Katúṣì tó ti bàjẹ́, ẹ má sun ún, ẹ má jù ú sígbó.

Ẹ̀yin ìjòyè, ọwọ́ yín ni èyí tó kù wà. Ẹ pe àwọn olórí ọdẹ àti kọmisáríà jókòó kí ooru tó dé. Ẹ bá wọn ṣe àdéhùn pé ẹni tó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá gbàwé, tàbí tó mú katúṣì bíbàjẹ́ wá, wọn ò ní dì í mú nítorí pé ó wá. Bí ẹ̀yin bá dúró fún wọn, wọ́n á jáde.

Kó tó dìgbà yẹn, ẹni tó bá ní ìbọn nílé, kó wọ gáráàjì rẹ̀ lọ wò lálẹ́ òní.