Àwọn Tí Kò Sí Nínú Àwòrán

Bí a bá rí àwòrán tó dára lára ògiri, kíá ni a máa ń gbà pé bí ọ̀ràn ti rí gan-an nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀kan wò lónìí.

Mondhare, oníṣòwò àwòrán kan ní ìlú Paris, ni ó tẹ̀ ẹ́ jáde láìpẹ́ lẹ́yìn ogun Yorktown. Ní Virginia ni ìlú yìí wà, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Àwòrán náà fi hàn bí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti jáde wá túúbá ní ọjọ́ 19 oṣù kẹwàá, ọdún 1781. Ọmọ ogun Faransé àti ti Amẹ́ríkà tò lọ rẹrẹ. Ọkọ̀ wà lójú omi. Odi òkúta àti ilé ìṣọ́ gíga sì yí ìlú ká. Bẹ́ẹ̀ ni Yorktown kò ní odi òkúta rárá! Èbúté kékeré tí wọ́n ti ń kó tábà ni. Yàrà àti òkìtì erùpẹ̀ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe ààbò níbẹ̀.

Cornwallis ni ọ̀gágun wọn. Ó ń retí kí ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá gba òun, ṣùgbọ́n àwọn Faransé ti dí ojú omi. Washington àti Rochambeau sì dó tì í láti ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án. Àgbá ń dún tọ̀sán-tòru, títí apá rẹ̀ kò fi ká a mọ́. Ó lé ní 7,000 ọmọ ogun tó túúbá. Cornwallis fúnra rẹ̀ kò jáde. Ó ní ara òun kò dá, ó sì rán O'Hara, igbákejì rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ odi kọ́ ni ó ká mi lára jù. Ní ọdún 1779, Clinton, olórí ogun Gẹ̀ẹ́sì, kéde pé ẹrú tó bá sá kúrò lọ́dọ̀ àwọn ọlọ̀tẹ̀ yóò rí ààbò lọ́dọ̀ àwọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn dúdú gbọ́, wọ́n sì sá tọ Cornwallis lọ nítorí òmìnira. Àwọn ni wọ́n bá a gbẹ́ yàrà Yorktown. Nígbà tí oúnjẹ ń tán lọ, tí àrùn ìgbóná sì wọ àárín wọn, ó lé wọn jáde. Ọ̀pọ̀ kú sínú igbó. Nígbà tí ogun parí, Washington pàṣẹ pé kí a mú àwọn tó kù, kí a dá wọn padà fún olówó wọn.

Ẹ wá wọn nínú àwòrán Mondhare, ẹ kò ní í rí wọn. Àwọn baba wa ní, agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ẹjọ́ ẹnìkan ni irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ń rò.

Ẹ̀yin olùkọ́, bí ẹ bá fi àwòrán ogun han àwọn ọmọ, ẹ bi wọ́n pé: Ta ló yà á? Ta ni yóò rà á? Ta ló wà níbẹ̀ tí a kò yà? Ẹ̀yin oníṣòwò ní tiyín kúkú mọ̀ pé àwòrán ara agolo yàtọ̀ sí ẹja inú rẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́n a ṣí i wò.