Ọmọ Wa Ni Vivour
Ní Ajégúnlẹ̀ tí mo dàgbà sí, bí ọ̀rọ̀ ogun Hítílà bá délẹ̀, Bọ́má nìkan ni mo máa ń gbọ́. Ta ló ń sọ ti Báńkọ́lé Vivour, ọmọ Nàìjíríà tó wọ bàálù ajubọ́ǹbù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó sì kú sójú ogun ní 1944? Oṣù Kẹwàá 1939 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin pé òyìnbó nìkan ló lè joyè ọ̀gá ológun. Nínú nǹkan bíi 125,000 tó wọ irú bàálù bẹ́ẹ̀, 55,573 ló kú.

Ẹ ó ní ogun òyìnbó ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọmọ wa ló bá a lọ. Ẹ̀yin tó ń wá àkòrí iṣẹ́ àṣekágbá lọ́dún yìí, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ rẹ̀.