A Kì í Kọ́ Ilé Sójú Ọ̀run

Àwọn àgbà wa wí pé ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Ẹni tí kò ní ibi tí yóò forí lé lálẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ kò lè fìdí múlẹ̀, ọmọ rẹ̀ kò sì lè fara balẹ̀ kàwé. Ṣùgbọ́n a kì í kọ́ ilé sójú ọ̀run; orí ilẹ̀ ni à ń kọ́ ọ sí. Nítorí náà, ẹni tí ó bá di ètò ilẹ̀ mú, òun ni ó di ẹ̀tọ́ ilé gbogbo wa mú.

Ní ọdún 1921, Ìgbìmọ̀ Ọba tí ń dájọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù dá Olóyè Olúwa ti Èkó, Amodu Tijani, láre nínú ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá. Wọ́n ní àwọn ará ìlú ni ó ni ilẹ̀ náà, ìjọba tí ó bá sì gbà á gbọ́dọ̀ san owó rẹ̀ bí ẹni tí ó ra ohun olóhun. Herbert Macaulay ni ó bá olóyè náà rìn dé Lọ́ńdọ̀nù. Lẹ́yìn tí òmìnira dé, kí ni àwa fúnra wa fi ẹ̀tọ́ náà ṣe?

Ní ọdún 1978, ìjọba ológun ṣe Òfin Ìlò Ilẹ̀, ó sì fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà láti máa tọ́jú rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Bí gómìnà bá gba ilẹ̀ tí a kò tíì kọ́ nǹkan sí, kìkì owó ìṣákọ́lẹ̀ ọdún náà ni olówó yóò rí gbà padà. Abala 47 tún ní ilé-ẹjọ́ kò gbọdọ̀ wádìí bóyá owó gbà-má-bínú náà tó. Ìwé Òfin Ìpìlẹ̀ ti 1999 ní kí ìjọba pèsè ibùgbé tí ó yẹ fún gbogbo ọmọ ìlú. Ṣùgbọ́n abala 6 ní ilé-ẹjọ́ kò lè dájọ́ lórí rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún fún wa, ọwọ́ òsì gbà á padà.

Ẹ wo Maroko ní oṣù Keje 1990. Nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni a lé kúrò lẹ́yìn ìkìlọ̀ ọjọ́ méje péré. Ilé olówó ni ó kún ibẹ̀ lónìí. Ní 2016 àti 2017, ó kan àwọn apẹja Otodo-Gbame. Ní oṣù Kẹfà 2017, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Èkó ní lílé ènìyàn síta láìfún wọn ní ibòmíràn tako iyì ọmọ ènìyàn.

Àwọn kan yóò ní ìlú tí kò ní ètò, igbó ni. Òtítọ́ ni. Àjàkálẹ̀ àrùn tí ó jà ní Èkó ní 1924 wà lára ohun tí ó mú kí a dá ìgbìmọ̀ àtúntò ìlú sílẹ̀ ní 1928. Àwa kò kọ ètò. Ètò tí kò ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún alájàpá, bíríkìlà àti apẹja ni a kọ̀. Bí a kò bá kọ orúkọ tálákà sínú àwòrán ìlú, ibikíbi tí ó bá sùn di ẹ̀ṣẹ̀ sí i lọ́rùn. Àwòrán náà ni ó kọ́kọ́ lé e jáde kí katapílà tó dé.

Àwọn ará Gúúsù Áfíríkà kọ ọ́ sínú òfin ìpìlẹ̀ wọn ní 1996 pé a kò gbọdọ̀ lé ẹnikẹ́ni kúrò nílé láìjẹ́ pé ilé-ẹjọ́ pàṣẹ. Kí ni ó dí àwa lọ́wọ́?

Ohun tí a ń béèrè kò ju mẹ́ta lọ: kí ẹnikẹ́ni má wó ilé láìsí àṣẹ ilé-ẹjọ́ àti ibùgbé mìíràn, kí a pe ará àdúgbò jókòó kí a tó ya àwòrán ilẹ̀ wọn, kí a sì tún abala 47 ṣe. Ẹ̀yin ará, ẹ bi aṣòfin yín léèrè kí ó tó tún wá tọrọ ìbò. Ẹni tí a fi ilẹ̀ ṣọ́ kì í ṣe onílẹ̀.