Ta Ló Sọ Pé Yorùbá Kò Ní Àmì Ìfẹ́?

Bí ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejì bá ti ń súnmọ́, àwọ̀ pupa a máa gba Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́: òdòdó oníke, bèbí onírun, bàlúùnù tí a ṣe bí àwòrán ọkàn. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn ẹni tó ń tà á. Ohun tí ènìyàn ń rà ni ọlọ́jà ń tà. Àwọn tó yẹ kí a bá wí ni àwọn ọ̀mọ̀wé ojú pópó tó ń sọ pé Yorùbá kò ní àmì ìfẹ́ kankan kí òyìnbó tó dé.

Irọ́ gbáà ni. Ní ayé àrokò, bí ọ̀dọ́mọkùnrin bá so owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ọmọge, ohun tó ń wí ni pé ọkàn òun fà mọ́ ọn. Bí mẹ́jọ bá padà wá, ọmọge ti jẹ́ hòo: ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọra. Inú òǹkà gan-an ni ọ̀rọ̀ náà wà, ẹ̀fà ń fà, ẹ̀jọ ń jọ. Òdòdó wo ló lè sọ̀rọ̀ báyẹn?

Ẹni tó bá ní ìyẹn ti di àtijọ́, kí ó wo iṣẹ́ Ben Enwonwu. Ọmọ Onitsha ni, wọ́n bí i ní 1917. Ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún nígbà tó rí Ọmọ-ọba Adétutù Adémilúyì ní Ilé-Ifẹ̀. Kò já òdòdó fún un. Ọ̀dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ló gbà lọ, ó tọrọ àyè kí ó tó ya àwòrán rẹ̀; ìwà tí Yorùbá mọ̀ mọ ẹni tí ọkàn rẹ̀ mọ́ nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló yà á láàárín 1973 àti 1974. Gèlè àti aṣọ ìbora ló wà níbẹ̀, kò sí ọkàn pupa. Èyí tó kọ́kọ́ yà, ọ̀dọ̀ ara rẹ̀ ló pa á mọ́ sí títí wọ́n fi jí i gbé ní 1994, ọdún tí òun náà papò dà.

Kò sí ẹni tó lè búra pé olólùfẹ́ ni wọ́n. Àwọn kan ní àmì ìrẹ́pọ̀ lẹ́yìn ogun abẹ́lé ni, ó sì lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn àwòrán náà fara hàn ní London ní 2017, tí Bonhams sì tà á ní ohun tó lé ní mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn ní 2018, "Mona Lisa ilẹ̀ Áfíríkà" ni ìwé ìròyìn ń pè é. Adétutù ní orúkọ!

Gèlè wà ní Ọjà Ọba. Owó ẹyọ wà lórí àtẹ àwọn lẹ́kúlẹ́jà. Ẹ bi ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbé bàlúùnù pupa lọ́wọ́ níbẹ̀ pé kí ni mẹ́fà ń wí; yóò ní ó dín ní méje.