Ọgbọ́n Ẹṣin Dúdú

Nínú eré ṣẹ́ẹ̀sì, ẹni tí ó ni ọmọ funfun ni ó máa ń kọ́kọ́ ta. Ẹni tí ó ni dúdú a sì wá ọgbọ́n tí yóò fi dá a lóhùn. Ọ̀kan nínú àwọn ọgbọ́n wọ̀nyí ń jẹ́ orúkọ Alexander Alekhine, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, tí ó lò ó ní ìlú Budapest ní ọdún 1921. Àwọn mìíràn a máa pè é ní ìwà òmùgọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò wò ó jinlẹ̀.

Báyìí ni ó rí. Funfun a ti ọmọ-ogun tí ó wà níwájú ọba rẹ̀ sí àárín ọpọ́n. Dúdú kò ní ti ọmọ-ogun tirẹ̀ jáde. Ẹṣin rẹ̀ ni yóò fò jáde, tí yóò sì dójú lé ọmọ-ogun náà. Ọmọ-ogun a sún síwájú, a lé ẹṣin. Ẹṣin a fò sí àárín. Ọmọ-ogun mìíràn a tún lé e, ẹṣin a sì yà sí ẹ̀gbẹ́. Nígbà tí funfun bá fi ta lẹ́ẹ̀marùn-ún, ọmọ-ogun rẹ̀ mẹ́rin lè ti tò síwájú bí ẹni tí ó ti gba ìlú.

Ẹni tí ó bá wò ó lóréfèé yóò ní ẹṣin ti fi àkókò ṣòfò. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ọmọ orí ọpọ́n, ọmọ-ogun nìkan ni kì í padà sẹ́yìn. Ibi tí ó bá ti kúrò a ṣófo títí. Bí ó bá sì ti jìnnà sílé tó ni yóò ṣe nílò olùṣọ́ tó. Nígbà náà ni dúdú yóò fi ọmọ-ogun tirẹ̀ kọlu àwọn tí ó wá síwájú, tí bíṣọ́ọ̀bù àti ẹṣin kejì yóò sì jáde wá ràn án lọ́wọ́. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣubú, ẹsẹ̀ àwọn ìyókù kò ní ranlẹ̀ mọ́.

Òótọ́ ni pé ewu wà níbẹ̀. Bí dúdú bá fi ìkọlù náà falẹ̀, àwọn ọmọ-ogun funfun yóò há a mọ́ igun. Bí funfun bá sì mọ ìwọ̀n ara rẹ̀, tí ó fi ọmọ-ogun méjì mọ, apá kò ní tètè ká a. Síbẹ̀, nígbà tí Bobby Fischer, ará Amẹ́ríkà, ń bá Boris Spassky du oyè ayé ní ìlú Reykjavik ní ọdún 1972, ọgbọ́n yìí ni ó fi ta dúdú nínú ìdíje kẹtàlá, ó sì borí. Òmùgọ̀ kò ní dán irú rẹ̀ wò níbi tí oyè ayé wà.

Àgbò tí ó tàdí mẹ́yìn, agbára ni ó lọ mú wá. Sísá tí ó mọ ibi tí òun ń lọ kì í ṣe ojo. Ẹni tí ó sì ń lé ènìyàn lọ, kí ó máa ka ohun tí ó ń fi sílẹ̀ lẹ́yìn.